Òkè-Ògùn ti rí ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo gbogbo pápá bí aṣọ funfun, kò ní í pẹ́ tó fi máa rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Àgbẹ̀ kan á wà létí títì, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn, àpò èédú tàbí iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi okùn rọ́bà dè é pinpin. Àwọn ọmọ iléèwé á tò tẹ̀lé ara wọn níbi tí ọ̀dà ti pin tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọkọ̀ àjàgbé tó kó àgbàdo á yọ lẹ́yìn wọn, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á sì bọ́ sínú koríko. Ó kọjá nìyẹn. Wọ́n á padà sójú ọ̀nà, wọ́n á tún máa lọ títí òmíràn á fi dé.

Ojoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í bá a nínú ìwé ìròyìn. Àfìgbà tí ẹnì kan kò bá tètè bọ́ sínú koríko la máa ń gbọ́, ìyẹn náà kì í sì í ju ìlà mẹ́ta lọ.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ títì ní Òkè-Ògùn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ìjọba Olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bi ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2017, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò rìn jìnnà. Ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn ní 2019, wọ́n sì parí rẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 35, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá mọ ìyà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn jẹ lórí ọ̀nà méjèèjì yìí tẹ́lẹ̀, tó mọ iye tòmátì àti iṣu tó jẹrà sínú ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀, kò ní í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà. Èmi náà kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í kọ sínú ìwé wọn. Nígbà tí kòtò kún ojú títì, kòtò náà ni ọlọ́pàá. Kò sí awakọ̀ tó lè sáré pa ènìyàn níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń fò sókè fò sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà mìíràn pàápàá, oníkẹ̀kẹ́ á yà wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọ̀dà dúdú dé, ọjọ́ náà ni eré dé. Títì ti dára fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ó sì ti burú sí i fún ẹni tí kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀ ló pọ̀ jù ní abà àti ìletò tó wà láàrin Ìpàpó, Òtù, Tedé àti Àgọ́-Àrẹ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lára ju ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Ní 1977, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́, ni ìpínlẹ̀ yìí dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní 1988, ni ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀. Àwa tí a kọ́kọ́ jí sí ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó, báwo ló ṣe jẹ́ pé a ń la ọ̀nà tuntun tí kò ní àyè fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀?

Ẹ má ṣe rò pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Kí ọ̀kadà tó gbòde, òun ni ẹṣin àwọn tíṣà, akọ̀wé kóòtù, wolé-wolé, ajíhìnrere àti àgbẹ̀ tó rí jájẹ. Raleigh kan lè ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, kó sì tún ṣẹ́ kù fún ọmọ ọmọ. Àwọn àgbà wa tó bá ṣì wà láyé rántí báàjì láìsẹ́ǹsì tí wọ́n ń kàn mọ́ ara kẹ̀kẹ́, àti bí akọ́dà ṣe máa ń lúgọ de ẹni tí kò tíì san tirẹ̀. (Wọ́n tún rántí ariwo tó ń sọ nígbà tí obìnrin bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá láàrin ọjà, àfi bí ẹni pé ó gun ẹkùn.)

Láìsẹ́ǹsì yẹn kò tíì tán o. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ óò rí i níbẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlanke ní láìsẹ́ǹsì. Ìwé kan náà tún ní àwọn ni kí wọ́n máa la ọ̀nà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Òfin wa rántí kẹ̀kẹ́ nígbà tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba tó gba iṣẹ́ méjèèjì kò so wọ́n pọ̀ rí.

Ìgbà tí alùpùpù dé ni a gbé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìn ilé. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí ilé ní kìlómítà 15 mọ ìdí tó fi ra ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìṣirò náà ti yí padà. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan fò kọjá 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000. Owó ọ̀kadà láti abà dé ọjà tẹ̀ lé e lọ sókè. Àgbẹ̀ tó ń ta iṣu márùn-ún, tí owó iṣu kan nínú wọn ń lọ sórí ọ̀kadà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kò níí ṣe pẹ̀lú fáàrí tàbí eré ìdárayá. Owó ni. Tó bá wá gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde, orí títì tí tírélà ń sáré lórí rẹ̀ ló máa gbé e sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bi mí pé ibo ni mo ti rí i tí wọ́n ń la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ nìkan. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, nítorí pé ó jọ tiwa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní àríwá Ítálì, lẹ́bàá ibi tó ti bá Austria àti Switzerland pààlà, àfonífojì kan wà láàrin àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps. Val Venosta ni àwọn tó ń sọ èdè Ítálì ń pè é, àwọn tó ń sọ èdè Jámánì níbẹ̀ sì ń pè é ní Vinschgau. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ápù ni wọ́n ń gbìn. Odò Adige ló la àárín ilẹ̀ wọn kọjá, gẹ́gẹ́ bí Odò Ògùn ṣe ṣẹ̀ láti àwọn òkè tó wà lágbègbè Ṣakí tó sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà ńlá kan wà nínú àfonífojì náà tí ọkọ̀ máa ń kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, láàrin oko ápù, ọ̀nà mìíràn wà tó gùn tó bíi kìlómítà 80, láti adágún Reschen lókè títí dé ìlú Merano nísàlẹ̀. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí náà, ó lé ní 80.

Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà yìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín, àti katakata àgbẹ̀ tó ń lọ sí oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ katakata yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Wọn kò wó ilé ẹnikẹ́ni, wọn kò sì gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ títí nítorí àti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà oko tó ti wà nílẹ̀ àti etí odò tí wọ́n ti mọ òkìtì sí nítorí omíyalé ni wọ́n so pọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n ri àmì sí oríta kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe afárá kéékèèké síbi tó yẹ. Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n tún fi ń polówó rẹ̀: Via Claudia Augusta, ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là kọjá àfonífojì yẹn ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú irin wọn tó ti kú láti 1990, wọ́n jí i padà ní 2005, ó sì ń gbé kẹ̀kẹ́. Àlejò á gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ojú irin á gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sókè. Láàrin méjèèjì, ó ti sùn ní ilé ẹnì kan, ó ti jẹun ní ilé ẹlòmíràn, ó ti ra ápù lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Adágún tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1950, nítorí iná mànàmáná, wọ́n sé odò níbẹ̀, omi sì bo abúlé kan mọ́lẹ̀. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìkan ló yọ orí jáde láàrin omi títí dòní. Ohun tó pa àwọn ará ibẹ̀ lẹ́kún nígbà náà ni àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo rántí èyí ni ọkàn mi lọ sí Ìkéré.

Ìsédò ńlá Ìkéré Gorge, lórí Odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, ìjọba Alhaji Ṣéhù Ṣàgàrí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mẹ́gáwáàtì 6 ni wọ́n ní yóò máa mú jáde, wọ́n ní omi rẹ̀ yóò sì máa rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi náà wà níbẹ̀, ó tẹ́jú lọ rẹrẹ, àwọn apẹja ń pẹja nínú rẹ̀. Iná tí wọ́n ṣèlérí ni kò tàn bí wọ́n ṣe sọ. A kò ní láti dúró de iná kí ẹnikẹ́ni tó lè gun kẹ̀kẹ́ láti Ìsẹ́yìn lọ wo omi.

Kì í ṣe Ìkéré nìkan. Òkè Adó-Àwáyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn kan náà, pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 300, àti adágún Ìyákẹ́ tó dúró sórí àpáta. Ìgbòho wà lókè níbẹ̀, níbi tí àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí nígbà tí ogun Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì fi ara ti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìgbẹ́tì. Bó bá sì jẹ́ orúkọ àtijọ́ ni a ń wá fún ọ̀nà, Hugh Clapperton àti Richard Lander gba Ṣakí kọjá nígbà tí wọ́n ń ti Àgbádárìgì lọ sí ààfin Ọ̀yọ́-Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1826. Lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin ni wọ́n rìn, ọ̀nà tí àwọn baba wa ti là kí wọ́n tó dé. Ọkọ̀ ojú irin òyìnbó kò gba Òkè-Ògùn rí. Ìbàdàn ló dé ní 1901, ó sì gba Òṣogbo lọ. Èyí tó túmọ̀ sí pé ipa ẹsẹ̀ àwọn baba wa nìkan ni ìjogún wa lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa: èmi kò sọ pé kí a la ọ̀nà nítorí àlejò. Àṣìṣe tí ìjọba wa máa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gé rìbọ́nù, wọ́n á kọ́ ilé ìtura kan tí kò sí omi nínú rẹ̀, wọ́n á máa retí òyìnbó. Ọ̀nà ápù yẹn dúró di òní nítorí pé àgbẹ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, yálà àlejò wá tàbí kò wá. Ọ̀nà oko wa náà, ẹni tó ń gbé èédú, ẹni tó ń gbé káṣú, àti ọmọ tó ń lọ síléèwé ni kó kọ́kọ́ wúlò fún. Bí ẹni tó wá wo Ìyákẹ́ bá tún gba orí rẹ̀, èrè ẹ̀yìn nìyẹn.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló lè ṣe irú rẹ̀. Wọ́n gbàgbé Burkina Faso, tí pápá rẹ̀ àti ọyẹ́ rẹ̀ jọ tiwa. Ní Ouagadougou, olú-ìlú wọn, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá, wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tour du Faso láti 1987. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kigali ní Rwanda gba ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tí òkè pọ̀ níbẹ̀ ju Ìgbẹ́tì lọ ni Rwanda.

Ọ̀rọ̀ ààbò wúwo, mi ò sì ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàǹgàn ní oṣù kẹfà 2021, nígbà tí àwọn agbébọn wọ ìlú náà lóru, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì dáná sun ilé, kò sí ará Òkè-Ògùn tàbí Ìbàràpá tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà inú igbó tí ọkàn rẹ̀ kò ní í sọ kúlú. Àmọ́ àgbẹ̀ ti wà nínú igbó yẹn o. Bóyá a la ọ̀nà ni, bóyá a kò là á, ojoojúmọ́ ló ń wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí koríko ti bò, tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ló wu olè. Èyí tí wọ́n ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí èrò ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, tí Àmọ̀tẹ́kùn lè fi alùpùpù yípo láàrin wákàtí kan, ewu rẹ̀ dín kù. Kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù. Ti màlúù náà wà ńlẹ̀: òfin tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní 2019 lórí dída ẹran káàkiri kò sọ pé kí ọ̀nà oko di ọ̀nà ẹran, bẹ́ẹ̀ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà tó bá gbòòrò díẹ̀ nìyẹn. Kí àwọn ìjòyè, àgbẹ̀ àti Fúlàní tó wà níbẹ̀ jọ fẹnu kò lórí ibi tí ẹran yóò gbà, kí wọ́n tó gbé katapílà wá.

Oòrùn ńkọ́? Òótọ́ ni, oòrùn Òkè-Ògùn kì í ṣe oòrùn Alps. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ajá pàápàá ń wá ibòji. Igi òrí àti igi irú tó yẹ kó wà létí ọ̀nà ni wọ́n ń gé lulẹ̀ fún èédú, èédú náà ni wọ́n sì ń gbé sórí kẹ̀kẹ́ kọjá ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá máa la ọ̀nà gbọ́dọ̀ gbin igi.

Ó wá ku owó. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Àríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa mú un ṣẹ kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ti gba àwáwí kan kúrò lẹ́nu àwọn alága. Kò sí alága tó lè la títì bíi ti Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn; bílíọ̀nù náírà niyẹn ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tí wọ́n fi yangí tẹ́, tí yangí náà sì wà nínú ilẹ̀ Òkè-Ògùn lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ṣe kọ́fátì sí ojú ìṣàn omi kéékèèké, tí wọ́n ri òpó kọnkéré méjì sí ẹnu rẹ̀ kí ọkọ̀ má lè wọlé àmọ́ kí kẹ̀kẹ́ kọjá, ìyẹn kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Níbi tí katakata bá ti gbọ́dọ̀ kọjá, kí wọ́n fi irin tó ṣeé ṣí tó ṣeé tì dípò òpó. Iṣẹ́ ọ̀nà ìgbèríko RAAMP tí Báńkì Àgbáyé ń ràn lọ́wọ́, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀nà àgbẹ̀ náà ló wà fún. Kí ló dé tí a kò lè kọ ẹ̀gbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ní Switzerland, ní oṣù kẹsàn-án 2018, gbogbo ará ìlú dìbò bóyá kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn; ó lé ní ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò nílò ìdìbò. Ohun tí a nílò ni pé nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán títì tó kàn wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, kí ọ̀kan nínú àwọn tí Òkè-Ògùn rán lọ síbẹ̀ dìde, kó béèrè iye mítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà fún ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀, kó má sì jókòó títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ní òfo ni, kó ní kí wọ́n gbé àwòrán náà padà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yangí ṣeé tẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.